Fáànù síkóòpù àti ti páwà sọ́pùláì ń pariwo jù: ọgbọ́n wo la lè dá sí i?

Tábìlì_Ṣódà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rọ méjì ló ń pariwo lórí tábìlì kan ṣoṣo, nínú yàrá tí kò fẹ̀, tí kò sì ní ẹ̀rọ amúlétutù. Tó bá di ọwọ́ ọ̀sán, ooru ibẹ̀ máa ń tó 33 tàbí 34°C.

Àkọ́kọ́ ni síkóòpù olójú mẹ́rin (ẹ̀rọ tó ń ya bí fóltì ṣe ń lọ sókè sódò sójú), irú olówó pọ́ọ́kú tí ọ̀pọ̀ wa ń lò. Fáànù rẹ̀ jẹ́ 60 mm níbùú lóròó, ó nípọn tó 25 mm, ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni 12 V, 0.18 A. Wáyà méjì ló ní. Láti ìgbà tí èèyàn bá ti tàn án ló ti ń hó fùùù, kì í dín kù, kì í pọ̀ sí i.

Èkejì ni páwà sọ́pùláì (ẹ̀rọ tó ń fún wa ní iye fóltì tí a bá fẹ́) 30 V, 5 A, irú èyí tó ní tiransifọ́mà gìdìgbà nínú. Fáànù tirẹ̀ jẹ́ 80 mm, 12 V, 0.20 A, wáyà mẹ́ta. Ìyẹn máa ń ṣe kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó sì máa ń le jù láàárọ̀. Tó bá ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á rọlẹ̀ díẹ̀.

Ṣé mo lè kàn fi rẹsítọ̀ (èròjà tó ń dín iná kù) sójú wáyà fáànù kó lè rọra máa yí? Iye Ω wo? Tó bá sì jẹ́ pé fáànù tuntun ló yẹ, kí ni kí n wò kí n tó sanwó? Wáyà kẹta yẹn ńkọ́, iṣẹ́ wo ló ń ṣe?

FetíSílẹ̀

Ẹ má tíì gé wáyà kankan. Ariwo fáànù kì í ṣe oríṣi kan, oògùn tó sì ń wo ọ̀kan lè má kan èkejì rárá. Fáànù tí bẹ́ríńgì rẹ̀ (ibi tí ọ̀pá àárín rẹ̀ ti ń yí) ti gbẹ, tí ẹ bá dín iná rẹ̀ kù, kò ní dákẹ́. Á kàn máa ké díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ kan á wá kọ̀ láti yí.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ wá fetí sí fáànù ní àkókò díẹ̀ tó ṣì fi ń yí kó tó dúró. Bí ariwo bá gé lójijì bí iná ṣe lọ, tí abẹ́ fáànù ṣì ń yí, inú mọ́tò ló ti ń wá: wáyà inú rẹ̀ àti mágínẹ́ẹ̀tì ló ń dún, tàbí kó jẹ́ pé bọ́ọ̀dù ń fún un ní iná ní gígé-gígé. Bí ariwo bá ń lọ sílẹ̀ bí abẹ́ ṣe ń rọra dúró, afẹ́fẹ́ ni tàbí bẹ́ríńgì. Ìyàtọ̀ àwọn méjì yìí kò ṣòro. Ti afẹ́fẹ́ máa ń lọ geere, fùùù. Ti bẹ́ríńgì máa ń rí kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ tàbí gìrìgìrì, ó sì máa ń yí padà tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìkan tún kù. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ara ẹ̀rọ náà, lókè, lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ariwo bá yí padà níbi tí ẹ tẹ̀, fáànù ń gbọn páànù ẹ̀rọ ni, páànù ló ń pariwo. Fáànù gan-an lè má ní àbùkù kankan.

Láti inú àlàyé yín, ti páwà sọ́pùláì yẹn jọ bẹ́ríńgì tó ti gbẹ. Èyí tó ń ké láàárọ̀ nígbà tó tutù, tó ń rọlẹ̀ tó bá gbóná, òróró tó kù nínú rẹ̀ ti le, ó sì kéré. Tí ẹ bá fẹ́ fi rọ́gbọ́n títí ẹ ó fi ra tuntun, ẹ yọ ọ́, ẹ ṣí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí ìdérí rọ́bà kékeré lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kán òróró maṣíìnì ìránṣọ sí i, ẹ̀kán méjì péré. Ẹ fọwọ́ yí abẹ́ náà nígbà ogún, kí ẹ nu èyí tó bá ṣẹ́ jáde, kí ẹ sì fi téèpù tuntun dí i, nítorí bébà tí òróró ti kàn kì í lẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe lo WD-40: ó máa fọ ìwọ̀nba òróró tó kù dànù, òun náà á sì gbẹ láìpẹ́. Ẹ má sì ṣe dán òróró ẹ̀pà tàbí àdí wò. Bó pẹ́ bó yá, á di gọ́ọ̀mù.

Irú tó ní bẹ́ríńgì oníbọ́ọ̀lù kò gba ìtọ́jú yìí o. Tí ìyẹn bá ti ń ké, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Kí n tó gbàgbé: tí ẹ bá fẹ́ fi bilówà fẹ́ eruku kúrò, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ fi ìka tàbí igi di abẹ́ fáànù mú kó má yí. Afẹ́fẹ́ bilówà lè mú un sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, bẹ́ríńgì á jẹ ẹ́, fáànù tó ń sáré bẹ́ẹ̀ á sì máa mú iná jáde padà sínú bọ́ọ̀dù bíi dínámò.

Wáyà_Pupa

Ọ̀gá FetíSílẹ̀ ti sọ òtítọ́. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti rẹsítọ̀.

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ má fi 0.18 A tó wà lára bébà ṣe ìṣirò. Iye tó pọ̀ jù lọ tó lè fà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ ti ní páwà sọ́pùláì, ẹ so fáànù tí ẹ yọ mọ́ ọn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kí ẹ máa gbé fóltì sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ iye fóltì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí yí sílẹ̀. Ẹ pa á, ẹ tún un ṣe nígbà mẹ́wàá, nítorí ibi tí abẹ́ bá dúró sí máa ń yí iye yẹn padà. Ẹ mú èyí tó ga jù nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹ fi 1 V lé e, kí ẹ má sì jẹ́ kí fáànù yẹn gba iná tó kéré sí ìyẹn láé. Ọ̀pọ̀ fáànù 12 V máa ń gbéra láàárín 5 sí 7 V nígbà tó wà ní tuntun. Bó bá ti ń gbó, iye yẹn ń gòkè.

Ká ní 8 V ni etí yín fara mọ́, tí mítà sì fi 0.10 A hàn ní 8 V. Ó ku 4 V tí rẹsítọ̀ gbọ́dọ̀ gbé: 4 ÷ 0.10 = 40, ẹ mú 39 Ω. Ooru tó máa wà lára rẹ̀ tó 0.4 W. Ẹ lo oní-1 W, kí ẹ má jẹ́ kó fara kan wáyà tàbí ike.

Ṣùgbọ́n èmi kì í fẹ́ràn rẹsítọ̀ níbẹ̀, nítorí ìgbà tí fáànù bá fẹ́ gbéra ló ń fa iná jù, ìgbà yẹn náà sì ni rẹsítọ̀ ń gba fóltì púpọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Dáyóòdù (èròjà tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) dára jù. 1N4007 kan máa ń gbé nǹkan bíi 0.7 sí 0.8 V, bóyá fáànù ń fa iná púpọ̀ tàbí díẹ̀. Ẹ to márùn-ún tẹ̀ lé ara wọn, fáànù á rí nǹkan bíi 8.2 V. Ìlà tó wà lára dáyóòdù kọ̀ọ̀kan ni kó kọjú sí fáànù, tó bá jẹ́ ojú wáyà tó gbé iná wá lẹ fi í sí. Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn: bí inú ẹ̀rọ bá ṣe ń gbóná sí i, fóltì tí dáyóòdù ń gbé máa ń dín kù díẹ̀, fáànù á sì yára sí i. Kò tó nǹkan o, bíi 0.3 V fún márùn-ún tí ooru bá fi 30°C gòkè, àmọ́ ibi tó yẹ kó kọjú sí ló kọjú sí.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀, ẹ ra súwíìṣì ooru KSD9700, irú tí kì í gbé iná kọjá nígbà tó tutù, tó ń gbé e kọjá nígbà tó bá gbóná. Ẹ so ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí ìlà dáyóòdù márààrún, kí ẹ so ara rẹ̀ mọ́ hítísíǹkì (irin tó ń fa ooru kúrò lára èròjà). Nígbà tí ara bá tutù, fáànù á gba inú dáyóòdù, á rọra máa yí. Tí hítísíǹkì bá gbóná dé iye tí wọ́n kọ sára súwíìṣì, yóò fo dáyóòdù kọjá, fáànù á gba 12 V tààrà. Ẹ má rà irú 45°C o. Nínú yàrá tó jẹ́ 34°C, hítísíǹkì kì í pẹ́ kọjá 45°C, súwíìṣì yẹn á sì máa fo dáyóòdù kọjá títí di alẹ́. 55 tàbí 60°C ló bá ilẹ̀ wa mu.

Ìrísí kan náà ni èyí tó ń gbé iná nígbà tó bá gbóná àti èyí tó ń gbé e nígbà tó bá tutù. Ẹ fi ọ̀rá wé súwíìṣì náà, kí ẹ fi mítà dán an wò nínú ife omi gbígbóná, kí ẹ tó gbé e wọlé. Ara rẹ̀ sì lè jẹ́ irin: ní ọ̀pọ̀ páwà sọ́pùláì, hítísíǹkì ní iná lára. Ẹ fi bébà tí kì í gbé iná sáàárín wọn.

Tábìlì_Ṣódà

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe àyẹ̀wò pípa iná yẹn. Ti síkóòpù, afẹ́fẹ́ ni, geere ló ń lọ sílẹ̀. Ti páwà sọ́pùláì, bẹ́ríńgì ni lóòótọ́, ó yí ohùn padà nígbà tí mo gbé e dùbúlẹ̀.

Mo fi 47 Ω sí ti síkóòpù. Ó dákẹ́ dáadáa, àmọ́ rẹsítọ̀ náà ti ń dúdú lẹ́yìn wákàtí kan. Oní-0.25 W ni. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ náà gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ìwọ̀n_Ooru

Rárá o! Ẹ yọ rẹsítọ̀ yẹn lónìí. Bó bá jó tán, iná fáànù á gé, síkóòpù á sì máa ṣiṣẹ́ lọ láìsí fáànù, láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ò bá àwọn tó ṣíwájú jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń dín fóltì kù, ṣùgbọ́n ó yẹ ká sọ ohun tí à ń fi ṣe pààrọ̀. Fáànù kan náà, inú ẹ̀rọ kan náà: bí eré rẹ̀ bá dín kù sí ìdajì, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ náà di ìdajì, agbára tó fi ń ti afẹ́fẹ́ gba àárín ihò tóóró di ìdámẹ́rin, ariwo á sì fi nǹkan bíi 15 dB lọ sílẹ̀. Láti 12 V sí 8.2 V, eré rẹ̀ á wá sí bíi 68 nínú ọgọ́rùn-ún. Ariwo á fi 8 dB lọ sílẹ̀, etí á sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Àmọ́ bí afẹ́fẹ́ tó ń jáde bá fi 8°C gbóná ju inú yàrá lọ tẹ́lẹ̀, yóò di nǹkan bíi 12°C. Nínú yàrá tó jẹ́ 20°C, kò sí wàhálà. Nínú yàrá 34°C, afẹ́fẹ́ tó ń jáde ti di 46°C nìyẹn, àwọn èròjà tó wà nínú sì gbóná ju afẹ́fẹ́ náà lọ. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí ẹ ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí òtútù ti ń mú ni wọ́n ti kọ ọ́.

Ohun tí ooru ń kọ́kọ́ pa ni kapásítọ̀ (èròjà tó ń tọ́jú iná sínú) eléròjà olómi. Òdiwọ̀n tí à ń lò ni pé bí ooru bá fi 10°C pọ̀ sí i, ọjọ́ ayé rẹ̀ di ìdajì. Nítorí náà, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má kàn fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ wá mítà tó ń ka ooru pẹ̀lú wáyà irú K (wáyà tí wọ́n fi ń wọn ooru), ẹ fi téèpù tó lè fara da ooru lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí kapásítọ̀ tó tóbi jù, òmíràn mọ́ hítísíǹkì, òmíràn síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde. Ẹ dé ẹ̀rọ padà, gbogbo ṣùkúrúù rẹ̀ kó wà níbẹ̀: ẹ̀rọ tí ìdérí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ń purọ́, afẹ́fẹ́ kì í gba ibi tó yẹ. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan pẹ̀lú fáànù ti tẹ́lẹ̀, ẹ kọ iye ooru sílẹ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti pààrọ̀. Bí kapásítọ̀ bá fi ju 5°C lọ gbóná sí i, èmi á ní kí ẹ gbé fóltì fáànù sókè díẹ̀.

Fún páwà sọ́pùláì, ibi tó nira jù fún un kì í ṣe 30 V ní 5 A. Fóltì kékeré ní 5 A ni. Ká ní 16 V ló wà lórí kapásítọ̀ ńlá, tí ẹ sì ń mú 1 V jáde ní 5 A: 15 V ló kù lórí àwọn tiransísítọ̀ (èròjà tó ń ṣètò iná tó ń jáde), 15 × 5 sì jẹ́ 75 W tó di ooru lára hítísíǹkì. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Ẹ so ojú méjèèjì tí iná ń gbà jáde pọ̀ pẹ̀lú wáyà tó nípọn, kí ẹ fi 5 A sí i.

Ìṣirò tó rọrùn láti fi mọ fáànù tó tó: ẹ fi 3 sọ iye wáàtì di púpọ̀, ẹ fi iye °C tí ẹ lè gbà pín in, èsì rẹ̀ ni iye kúbíìkì mítà (m³) afẹ́fẹ́ ní wákàtí kan. 75 × 3 ÷ 15 = 15 m³. Síkóòpù tó ń jẹ 40 W, tí ẹ bá fẹ́ kó má fi ju 10°C gbóná: 40 × 3 ÷ 10 = 12 m³. Iye tí ilé iṣẹ́ kọ fún fáànù jẹ́ ti ìgbà tí nǹkan kan ò dí i lọ́nà. Nínú ẹ̀rọ gidi, ẹ ka ìdajì. Fáànù ilé iṣẹ́ Noctua tó ń jẹ́ NF-A6x25 FLX, tó jẹ́ 60 × 25 mm bíi ti síkóòpù yín, ń yí nígbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan ní 12 V, ó ń fẹ́ 29.2 m³ ní wákàtí kan, ariwo rẹ̀ jẹ́ 19.3 dB(A). Ìdajì 29.2 ṣì ju 12 lọ. Ẹ fún un ní 12 V rẹ̀ pé, láìsí rẹsítọ̀, láìsí dáyóòdù. Fáànù tí wọ́n dìídì ṣe láti máa rọra yí sàn ju èyí tó ń sáré tí a wá ń fi tipá mú. Ní ti owó, ó wọ́n, mi ò ní parọ́.

Tí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀ tí wọ́n yọ lára kọ̀ǹpútà, ní Computer Village tàbí Àlàbà, ẹ gbé bátìrì 9 V dání. Ẹ so ó mọ́ ọn níwájú olùtà, ẹ gbé e sún mọ́ etí, ẹ yí i sókè yí i sílẹ̀. Ohun tí bébà ẹ̀yìn rẹ̀ sọ nípa bẹ́ríńgì kì í ṣe ẹ̀rí.

Pálùsì2

Wáyà kẹta ni kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń sọ fún bọ́ọ̀dù bí fáànù ṣe ń yára tó, pálùsì (iná tó ń wá ní kúkúrú-kúkúrú) méjì fún ìyípo kan. Ẹ fi rẹsítọ̀ 10 kΩ so ó mọ́ 5 V, ẹ gbé síkóòpù lé e: 100 Hz túmọ̀ sí ìyípo 3000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ kàn fi 30 sọ iye Hz di púpọ̀. Ṣùgbọ́n oríṣi kejì wà tí kì í fún yín ní pálùsì rárá. Ìyẹn máa ń wà nílẹ̀ ní 0 V tí fáànù bá ń yí, á sì gòkè lọ sí 5 V tí fáànù bá há. Ẹ fọwọ́ di abẹ́ rẹ̀ mú díẹ̀, ẹ ó rí i. Tí ẹ bá fi fáànù alámì pálùsì rọ́pò irú kejì yìí, bọ́ọ̀dù á máa rò pé ó ń há, ó ń tú, ó ń há, ó ń tú. Àwọn ẹ̀rọ kan á kọ̀ láti tàn. Àwọn kan á tàn, wọ́n á wá kọ àṣìṣe fáànù sójú. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá dín eré fáànù kù jù, nítorí bọ́ọ̀dù ní iye tó ń retí.

Àwọn kan máa ń so wáyà yẹn mọ́ ilẹ̀ (ojú òdo fóltì) kí bọ́ọ̀dù lè dákẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ fún irú kejì, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ ti fọ́ ojú ẹ̀ṣọ́ nìyẹn.

Àwọ̀ wáyà máa ń tan èèyàn. Nínú ọ̀pọ̀ fáànù, pupa ni iná, dúdú ni ilẹ̀, yẹ́lò ni pálùsì. Nínú fáànù kọ̀ǹpútà oníwáyà mẹ́rin, àti nínú Noctua oníwáyà mẹ́ta, yẹ́lò ni 12 V, àwọ̀ ewé ni pálùsì! Ẹni tó bá fi àwọ̀ ṣe amọ̀nà á fi 12 V sínú ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù tó ń retí pálùsì. Ẹ wo ipò ẹsẹ̀: lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà, àkọ́kọ́ ni ilẹ̀, èkejì 12 V, ẹ̀kẹta pálùsì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀rọ ìwọ̀n kì í sábà tẹ̀ lé ìyẹn, nítorí náà, mítà ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n kí ẹ mọ̀ bóyá 12 V ni lóòótọ́: 5 V àti 24 V wà. Ọ̀nà tó mọ́ jù ni kí ẹ gé wáyà fáànù àtijọ́, kí ẹ ṣẹ́ 5 cm kù lára sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ẹ jó tuntun mọ́ ọn, kí ẹ fi rọ́bà tó ń fún mọ́ra bo ojú ṣódà. Bẹ́ẹ̀ lẹ ò ní fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù, ẹ sì lè dá a padà.

Ohun kan tí mi ò fẹ́ kí ẹ ṣe: ẹ má fi módù LM2596 (bọ́ọ̀dù kékeré tó ń dín fóltì kù) dín iná fáànù kù nínú síkóòpù. 150 kHz ló fi ń ṣí tó fi ń pa, ẹ ó sì máa rí i lórí ìlà nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n fóltì kékeré. Ẹ ó máa wá àṣìṣe nínú ẹ̀rọ oníbàárà, nígbà tó jẹ́ pé inú síkóòpù yín ló wà. Dáyóòdù tàbí LM317 (èròjà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń dín fóltì kù) kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fún LM317, 240 Ω láàárín ẹsẹ̀ OUT àti ADJ, 1.1 kΩ láti ADJ sí ilẹ̀, ó fún yín ní 7 V. Ẹ tún fi kapásítọ̀ 100 µF, 25 V sórí ẹsẹ̀ méjèèjì fáànù, kí iná tó ń fà ní pálùsì-pálùsì má bàa gba ojú 12 V wọ ibi ìwọ̀n.

PákóÀtiIrin

Gbogbo yín lẹ ń dín eré fáànù kù, kò sẹ́ni tó wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà.

Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ páwà sọ́pùláì olówó pọ́ọ́kú: wọn ò gé ihò fáànù, wọ́n kàn lu páànù ní ihò wẹ́wẹ́. Ìdajì ojú ibẹ̀ ló jẹ́ irin. Abẹ́ fáànù ń kọjá ní mílímítà díẹ̀ sí irin yẹn, ibẹ̀ ni igbe ti ń wá. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn: ẹ tú ṣùkúrúù fáànù, ẹ fà á sẹ́yìn 1 cm sí páànù nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ fi ọwọ́ jìnnà sí abẹ́. Tí ariwo bá já wálẹ̀, páànù ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Àwọn 80 mm wà tó nípọn 15 mm dípò 25 mm. Ẹ lè fi fáàmù ike tí wọ́n ti gé àárín rẹ̀, láti ara fáànù tó ti kú, gbé fáànù jìnnà sí páànù ní 10 mm. Ìyẹn nìkan lè tó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ gé ihò náà ní yíká, kí ẹ fi àwọ̀n wáyà ìdáàbòbò ìka sí i. Ẹ yọ páànù kúrò pátápátá kí ẹ tó gé e, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ gbẹ ẹ́. Irin wẹ́wẹ́ kan tó bọ́ sórí bọ́ọ̀dù tó láti bà á jẹ́. Síkóòpù, mi ò ní gé ti ẹ̀: páànù ẹ̀yìn rẹ̀ tún jẹ́ odi fún ìgbì rédíò.

Fún gbígbọ̀n, ẹ gé tíúbù kẹ̀kẹ́ ní òrùka onígun mẹ́rin, ẹ fi sáàárín fáànù àti páànù, ẹ fi òrùka kékeré rẹ̀ sábẹ́ orí ṣùkúrúù kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fún ṣùkúrúù ní ìfúngbẹ: ike fáànù á ṣẹ́po, bẹ́ríńgì á wọ́. Tíúbù yẹn tún dí àlàfo tí afẹ́fẹ́ gbígbóná fi ń yí padà wọlé.

Kí ẹ tó yọ ti àtijọ́, ẹ fi máàkà kọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Lára ọ̀pọ̀ fáànù, apá tí bébà àti ọwọ́ ike wà ni afẹ́fẹ́ ti ń jáde. Ẹni tó bá dá a kọjú sódì á gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tó dáa, á sì rí bọ́ọ̀dù tó jóná.

Àti kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ síkóòpù: ẹ yọ wáyà iná, ẹ dúró ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wọ̀n kapásítọ̀ apá iná ńlá. Iná 240 V máa ń fi nǹkan bíi 339 V sórí rẹ̀.

Tábìlì_Ṣódà

Mo ti yọ rẹsítọ̀. Mo fa fáànù páwà sọ́pùláì sẹ́yìn bí ọ̀gá PákóÀtiIrin ṣe ní, ariwo fùùù rẹ̀ já ní tòótọ́, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ nìkan ló kù. Màá ra 80 mm tuntun, màá fi fáàmù 10 mm àti tíúbù sí i, màá sì fi KSD9700 60°C àti dáyóòdù márùn-ún. Ti síkóòpù, 60 mm tó ń rọra yí, 12 V tààrà.

Ìbéèrè kan ló kù. Ṣé pípààrọ̀ fáànù lè ba ìwọ̀n síkóòpù jẹ́?

Ìwọ̀n_Ooru

Kò ní bà á jẹ́, àmọ́ ó lè sún un díẹ̀. Ooru inú rẹ̀ ti yàtọ̀ sí èyí tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ṣètò rẹ̀, òdo ìlà lè gòkè tàbí kó wálẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé e pa, ẹ tàn án sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ yọ gbogbo púróòbù (wáyà tí a fi ń wọ̀n nǹkan) kúrò lójú rẹ̀, kí ẹ wá jẹ́ kó tún ara rẹ̀ ṣètò láti inú mẹ́nù rẹ̀. Ẹ ṣe é lọ́sàn-án, nígbà tí yàrá bá gbóná bó ṣe máa ń gbóná.

Ní ti páwà sọ́pùláì, fáànù wáyà mẹ́ta ni kí ẹ rà, kí ẹ sì kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ti àtijọ́ jẹ́ nínú méjì tí Pálùsì2 sọ. Tó bá jẹ́ alámì pálùsì, ẹ tàn án ní 8.2 V ní òwúrọ̀ kùtù, tó tutù, nígbà mẹ́wàá. Bí bọ́ọ̀dù bá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ yọ dáyóòdù kan kúrò.

FetíSílẹ̀

Kí ẹ má ju fáànù àtijọ́ yẹn nù. Ẹ kán òróró sí i, kó wà nínú dúróà. Tí tuntun bá kọṣẹ́ lọ́jọ́ tí ọjà ò ná, òun lẹ ó fi dúró.